Wèrè tí Ọtí ń Fà: Àlàyé lórí Oríṣi Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Ó pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń pín wèrè sí oríṣiríṣi gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Wèrè amútọ̀runwá wà, wèrè ìran wà, wèrè àfiṣe sì wà. Ìpín yìí wúlò, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe ohun kan náà ni ó ń ṣe gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀mùtí kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí ẹlòmíràn kò rí sọ̀rọ̀, ìpín yìí lè ṣi àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí ó pinnu pé òun kò mu ọtí mọ́ gan-an ni àìsàn náà dé, àfiṣe ni ó sábà máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Wọn a ní bí ó bá jẹ́ ọtí ni, kí ló dé tí kò fi yí lórí nígbà tí ó ń mu ún?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Kókó rẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo, wèrè ọtí, bo àìsàn mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó kéré tán. Èyí tí ó tètè ń pa ènìyàn jù nínú wọn kì í wá láti inú ọtí tí ó wà lára, bí kò ṣe láti inú ọtí tí ó kúrò lára lójijì. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó dojú kọ lè fi ìtọ́jú ṣekú pa aláìsàn.

2. Bí ọtí ṣe ń di bárakú

Nínú ọpọlọ, àwọn èròjà kan wà tí ń jíṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní GABA. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pẹ̀tù sí ọpọlọ. Òmíràn ni glutamate. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ta ọpọlọ jí. Ọtí a máa ran GABA lọ́wọ́, a sì máa dí glutamate lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ara fi ń rọ ẹni tí ó mutí, tí oorun sì ń kùn ún.

Bí ẹnìkan bá ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ rẹ̀ kì í káwọ́ gbera. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára GABA kù, yóò sì máa fi kún agbára glutamate, kí nǹkan lè dọ́gba. Nígbà yìí ni ọtí di bárakú. Ẹni náà kò mu ún fún ìgbádùn mọ́. Ó ń mu ún kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n ni.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ènìyàn méjì tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan láti inú, èkejì láti ìta. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń tì í, ilẹ̀kùn yóò dúró gbọn-in bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó wà ní ìta bá yẹra lójijì, ẹni tí ó wà nínú yóò já lulẹ̀. Ọtí ni ẹni ìta. Ọpọlọ ni ẹni inú.

Irú ọtí tí ènìyàn ń mu kò yí èyí padà. Ògógóró, tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu, le ju ẹmu lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó sì lè yára sọ ènìyàn di ẹrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi bíà tàbí ẹmu nìkan kún ikùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ lójoojúmọ́ náà lè dé ibẹ̀.

3. Àìsàn mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan

3.1 Ìrànrán ìjáwọ́

Thomas Sutton, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ àìsàn yìí ní delirium tremens ní 1813. Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn bóyá májèlé ọtí ni ó ń fà á, tàbí àìjẹun, tàbí ìjáwọ́. Ní 1955 ni Harris Isbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lexington, ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà mu ọtí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì ń jẹun dáadáa pẹ̀lú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gba ọtí lọ́wọ́ wọn, gìrì mú àwọn kan, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrànrán. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn kò lè gba àṣẹ lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi hàn kò tíì yẹ̀.

Àìsàn náà ní ìlànà tí ó máa ń tẹ̀ lé. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ìkòkò ìkẹyìn, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò máa bọ̀, oorun yóò sì dá. Gìrì lè mú ẹni náà láàárín wákàtí 6 sí 48. Ìrànrán fúnra rẹ̀ sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin. Aláìsàn kò ní mọ ibi tí ó wà tàbí ọjọ́ tí ó jẹ́. Ara rẹ̀ yóò gbóná, ọkàn rẹ̀ yóò máa lù kìkì, yóò sì máa rí kòkòrò, eku tàbí ejò níbi tí kò sí nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú èyí yé ni. Bí káfíńtà kan, tí ó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́ fún ọdún 15, bá ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò fún un ní ọtí, kò sì sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó ń mu ún. Ní òru ọjọ́ kẹta, yóò fò dìde lórí ẹsẹ̀ tí ó kán, yóò máa gbá èèrà tí kò sí kúrò lórí aṣọ ibùsùn. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ yóò ní wọ́n ti sà sí i ni.

Àìsàn yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí kò sí ìtọ́jú tí ó péye, ó lè pa tó ènìyàn 35 nínú 100 tí ó bá mú. Ìtọ́jú òde òní ti mú iye náà wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 5 nínú 100.

3.2 Gbígbọ́ ohùn àìrí

Nínú irú kejì, ojú aláìsàn dá ṣáká. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ilé, ó mọ ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí wọ́n ń bú u, tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tí wọ́n ń gbìmọ̀ láti pa á. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì ń mutí, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó dín in kù. Nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, àwọn ará ilé a máa gbà á gbọ́; ẹni tí ó bá sì dárúkọ pé ó ń lépa ẹ̀mí òun lè fojú winá. Láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọtí bá ti dá, ohùn náà sábà máa ń lọ. Bí ó bá ju nǹkan bí oṣù kan lọ láìsí ọtí, ó yẹ kí oníṣègùn wò ó bóyá àìsàn ọpọlọ mìíràn ni ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

3.3 Ìdàrúdàpọ̀ àti ìgbàgbé

Ní 1881, Carl Wernicke ní Jámánì ṣe àlàyé aláìsàn mẹ́ta tí orí wọn dàrú, tí ojú wọn kò lè yí bí ó ti yẹ, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń gbé wọn ta. Méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀mùtí. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ó gbé ásíìdì mì, tí ó sì ń bì láìdáwọ́dúró. Ẹ̀kẹta yìí ni ó tọ́ka sí orísun àìsàn náà: àìtó oúnjẹ nínú ara ni, pàápàá àìtó fítámì B1, tí wọ́n ń pè ní thiamine. Ọ̀mùtí a máa fi ọtí rọ́pò oúnjẹ, ọtí kì í sì í jẹ́ kí ikùn gba ìwọ̀nba tí ó bá jẹ.

Bí wọn kò bá tètè tọ́jú èyí, ó lè di ìgbàgbé tí kì í lọ, èyí tí Sergei Korsakoff ní Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ní 1887. Ẹni náà yóò rántí ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rántí ẹni tí ó wọlé wá kí i láàárọ̀. Yóò sì máa fi ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ dí àlàfo náà, láìmọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa.

4. Ìtọ́jú

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: ibà tí ó ti gun ọpọlọ, orí tí ó fara gbọgbẹ́, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹ̀dọ̀ tí ó ti bàjẹ́. Ọ̀mùtí lè ní wọn pẹ̀lú wèrè ọtí.

Ohun kejì ni láti fi abẹ́rẹ́ fún aláìsàn ní thiamine, nítorí èyí tí ó bá gbé mì kì í wọ ara rẹ̀ tó. Ó yẹ kí ó ṣáájú omi ṣúgà tàbí kí wọ́n jọ wọlé, nítorí B1 ni ara fi ń lo ṣúgà; ṣúgà nìkan lè tán ìwọ̀nba tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dúró.

Ohun kẹta ni oògùn tí yóò dípò ọtí nínú ọpọlọ. Chlordiazepoxide, tí ó jáde sí ọjà ní 1960, àti diazepam, tí ó tẹ̀ lé e ní 1963, ń ran GABA lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọtí ti ń ṣe. Wọn a máa dín ìwọ̀n rẹ̀ kù lójoojúmọ́ lábẹ́ ìṣọ́. Oògùn yìí ni ó ń bá ọpọlọ di ilẹ̀kùn mú, kí ó lè rọra dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Níbí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá rí aláìsàn tí ń bá àìrí jà lè yára fún un ní oògùn wèrè nìkan, bíi chlorpromazine. Ní 1969, S. C. Kaim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi àwọn oògùn yìí wéra; ìrànrán àti gìrì kò pọ̀ láàárín àwọn tí ó lo chlordiazepoxide tó bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn tí ó lo chlorpromazine. Oògùn wèrè a máa mú kí gìrì yá. Bákan náà, asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lò lè mú ara wèrè rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí ọtí ń ṣe ní ọpọlọ, kò sì lè dípò rẹ̀. Ìgbà tí oògùn wèrè wúlò ni nígbà tí ojú aláìsàn bá dá, tí ohùn àìrí kò sì lọ.

5. Ipa àwọn ẹbí

Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹbí tí ojú ń tì lè ti aláìsàn mọ́ yàrá, kí wọ́n dè é lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì fi ebi kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Lójú wọn, wọ́n ń gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ní tòótọ́, wọ́n ti kó ohun mẹ́ta tí ó lè pa á jọ sí yàrá kan: ìjáwọ́ lójijì, àìjẹun àti àìmumi.

Èyí kò sọ pé kí ẹbí yẹra. Láti 1954 ni Adéoyè Lámbò ti fi hàn ní Àró, ní Abẹ́òkúta, pé aláìsàn ọpọlọ lè gba ìtọ́jú ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí rẹ̀ kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí bá ọ̀mùtí mu gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìrànrán bá ti kọjá. Nígbà náà ni ẹni tí yóò máa bá a jẹun, tí yóò bá a yẹra fún ìsọ̀ ẹlẹ́mu, tí yóò sì rí i pé ó lo oògùn tí ń dín òùngbẹ ọtí kù, bíi naltrexone, ṣe pàtàkì. Bí ó bá padà sídìí ọtí, wèrè náà lè padà.

6. Ìgúnlẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ni ó ṣe é?" Ohun tí iṣẹ́ yìí ti fi hàn ni pé ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: "Ọjọ́ wo ni ó mu ọtí gbẹ̀yìn?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ ìjẹta, wákàtí ni ó yẹ kí wọ́n máa kà. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kọrí sí, kí ilẹ̀ tó ṣú.