Egungun Kì í Ṣe Igi Gbígbẹ
Ohun alààyè ni egungun. Sẹ́ẹ̀lì kan ń mọ ọ́n, èkejì ń wó èyí tí ó ti gbó, ẹ̀kẹta ń ṣọ́ ọ. Bí alágbàrù èbúté Àpápá bá ń ru ẹrù lójoojúmọ́, olùṣọ́ yìí a ránṣẹ́ sí ọ̀mọlé, egungun a sì ki sí i. Ti àwọn ọmọdé Ajégúnlẹ̀ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ṣì ń gùn láti ibi rírọ̀ nítòsí orí rẹ̀. Kálísíọ́mù ni ó ń sọ ibẹ̀ di líle. Bí kò bá tó, ẹsẹ̀ a wọ́. Ní 1999, ìwádìí kan ní Jọ́ọ̀sì fi hàn pé kálísíọ́mù wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn ju fítámínì D nìkan lọ. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ tegungun-tegungun kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀gàn.