Ipasẹ̀ Inú Fóònù: Ìpìlẹ̀ Ìwádìí Ẹ̀rí Kọ̀ǹpútà àti Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní agbègbè Ìpáò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, níbi tí mo ti ń kọ́ni, ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọdẹ wọ igbó kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ipasẹ̀ ẹran tí ọdẹ ń tọ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, a kò ní mọ ibi tí ẹran gbà mọ́. Ìkìlọ̀ yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ìwádìí ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà àti fóònù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣàlàyé ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ní ṣókí, a óò sì fi hàn pé olùkọ́ Yorùbá ní ipa tirẹ̀ láti kó níbẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ìwé kan, mo gba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo ṣí i, mo ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ láti òkè dé ilẹ̀, mo sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù tèmi. Kí a tó jíròrò tán, ẹni tí ó fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ọmọ náà ti pa ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rẹ́ láti ibi tí ó wà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n béèrè pé, 'Ta ni ó lè jẹ́rìí pé olùkọ́ kò fi nǹkan kún un?' N kò rí èsì fọ̀. Bí ọmọ náà bá jẹ̀bi, mo ti ba ẹ̀rí jẹ́. Bí kò bá sì jẹ̀bi, mo ti ba ohun tí ì bá gbà á là jẹ́.

Ìlànà iṣẹ́ náà

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ìlànà mẹ́rin kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń tẹ̀lé:

(i) A kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí yóò yí ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ padà.
(ii) Bí ó bá di dandan kí a fọwọ́ kan ojúlówó, onímọ̀ tí ó lè ṣàlàyé ohun tí ó ṣe ni kí ó ṣe é.
(iii) A gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn lè tún un ṣe kí ó sì rí àbájáde kan náà.
(iv) Ẹni tí ìwádìí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún gbogbo rẹ̀.

Nítorí ìlànà kìn-ín-ní, olùwádìí kì í ṣiṣẹ́ lórí ojúlówó. Yóò ṣe àdàkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, títí kan ibi tí ó dà bí ẹni pé ó ṣófo. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àdàkọ bá ojúlówó mu? Kọ̀ǹpútà yóò ka méjèèjì, yóò sì ṣírò àmì ìdánimọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ń pè ní SHA-256 máa ń jẹ́ nọ́ńbà àti lẹ́tà 64. Bí ẹnìkan bá sọ 'ọkọ' di 'ọkọ̀' lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìwé ńlá, àmì ìdánimọ̀ náà yóò yí padà pátápátá. Àmì ohùn kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀!

Ohun tí a pa rẹ́ ńkọ́? Ó dà bí ìwé tí a fa ojú-ewé àkóónú rẹ̀ ya: orí kẹta ṣì wà nínú ìwé títí a óò fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, ó ṣòro gan-an láti rí i gbà padà.

Ohun tí òfin wí

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní Nàìjíríà gba ìwé tí kọ̀ǹpútà gbé jáde ní ẹ̀rí, bí a bá lè fi hàn pé ẹ̀rọ náà wà ní lílò déédéé, pé ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, àti pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fi sínú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson ní 2012, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ àwọn ìwé tí a tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé a kò mú irú àwọn ìlànà wọ̀nyí ṣẹ. Àtúnṣe ti 2023 sì mú àkọsílẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ wọ inú òfin náà.

Ibi tí ó kan olùkọ́ Yorùbá

Ká ní olùwádìí rí ọ̀rọ̀ yìí nínú fóònù afurasí: 'Oko naa ti de.' Ṣé ọkọ ìyàwó ni ó dé ni, àbí ọkọ̀ akérò? Bí ó bá kọ 'Mo gba igba', ṣé igba náírà ni, àbí igbá? Ẹ̀rọ kò lè dá a mọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ni yóò wo àyíká ọ̀rọ̀ náà, tí yóò sì sọ ìdí tí ó fi túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú u lójú, kí ó sọ ìtumọ̀ méjèèjì. Òmìnira ènìyàn lè rọ̀ mọ́ ọn.

Bákan náà, ẹni tí ó bá wá 'ilé' nìkan lè má rí 'ile' tí kò ní àmì, kò sì ní rí 'ulé' tí àwa Èkìtì ń pè é. Kọ̀ǹpútà tilẹ̀ lè kọ 'ẹ́' ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ: 'ẹ' tí a fi àmì lé lórí, tàbí 'é' tí a fi àmì sí lábẹ́. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí ohun ọ̀tọ̀.

Ìmọ̀ràn àti ìgúnlẹ̀

Bí a bá gba fóònù nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kí á má ṣe tú inú rẹ̀. Abala 37 nínú Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 dáàbò bo àṣírí ará ìlú. Bí ó bá wà ní títàn, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí onímọ̀ wá gé e kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá wà ní pípa, kí a má ṣe tàn án. Kí á kọ aago, ibi tí a ti rí i, àti orúkọ ẹni tí ó gbà á. Kí á dì í sínú àpòòwé níṣojú akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kí gbogbo ẹni tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá sì fọwọ́ sí i.

Ipasẹ̀ ni ó ń mú ọdẹ dé ibi tí ẹran wà. Kí á má ṣe jẹ́ ẹsẹ̀ àwa olùkọ́ ni yóò pa á rẹ́.