Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: Ẹ̀yin agùntáṣọọ́lò, ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó ra àgọ́!

"Ẹ gbé e jáde nínú pósí yẹn kíá! Mo ní ẹ gbé e jáde!"

Ohùn ìyá àgbà wa nìyẹn lọ́jọ́ kejì Kérésì, nínú àgbàlá wa ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Èmi tí mò ń kọ ìròyìn yìí gan-an ni mo dùbúlẹ̀ gbalaja sínú àgọ́ kan báyìí, tí orí mi kan aṣọ àgọ́ lókè, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi sì ń ti ìsàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá a lu. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Glasgow dé ló ní kí n wọ̀ ọ́. Ẹ̀rín ń pa á kú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ohun tójú ẹ̀ rí nínú àgọ́ yẹn kan náà fún wa tán, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Akọ̀ròyìn, kí ló kàn wá kan àgọ́? Ṣé a ò nílé ni?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó bá ga. Ó kan ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun. Ó sì kan àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gun òkè Ìdànrè, tí wọ́n fẹ́ máa sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí.

Ìrìn wo nìyẹn?

Ní Scotland, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní West Highland Way. Ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i. Milngavie, létí ìlú Glasgow, ló ti bẹ̀rẹ̀, Fort William ló parí sí. Máìlì 96 ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn kìlómítà 154. Ó jìnnà ju Ìbàdàn sí Èkó lọ, ẹsẹ̀ sì ni wọ́n fi ń rìn ín o! Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan lọ́nà. Àwọn kan ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn mìíràn ń gbé ilé wọn pọ̀n sẹ́yìn bí ìgbín: àgọ́, oúnjẹ, aṣọ, gbogbo ẹ̀ nínú àpò kan ṣoṣo. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 fàyè gba arìnrìn-àjò láti pàgọ́ mọ́jú níbi púpọ̀ lórí ilẹ̀ Scotland, bí kò bá ti ba nǹkan onílẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n láwọn ibì kan létí odò ńlá Loch Lomond, èèyàn gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dá rìn, kí ọpọlọ òun lè sinmi. Ó wá lọ ra àgọ́ ẹlẹ́nìkan. Kílò kan péré ló wúwo, bíi píọ́wọtà méjì. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé gígùn ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 213. Ẹ̀gbọ́n mi ga ní fíìtì 6 àti ínṣì 4, ìyẹn 193. Ó ṣírò ẹ̀: 20 ṣẹ́kù.

"Mo ní kí ni mo tún ń wá? Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé."

Òtútù ò mọ nọ́ọ̀sì

Lóru àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ń kan ògiri àgọ́. Kò kà á sí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó rí i pé ìsàlẹ̀ àpò tó wọ̀ sùn ti tutù díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, òjò. Ní ọjọ́ kẹta, òjò. Kò ríbi sá àpò náà sí kó gbẹ. Lóru ọjọ́ kẹrin, nítòsí Bridge of Orchy, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó wà nínú àpò náà ti dì pọ̀ gúlúgúlú níbi ẹsẹ̀, bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n ki bọ omi.

"Àbúrò mi, eyín mi ń lu ara wọn kẹ́kẹ́kẹ́. Mo fẹ́ ṣí sípù kí n lè wá aṣọ, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Èmi tí mò ń tọ́jú àwọn tí òtútù dá mọ́lẹ̀! Mo mọ̀ pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí n bá sùn lọ pẹ́rẹ́n, ó lè jẹ́ ẹlòmíì ni yóò wá jí mi."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wọ gbogbo aṣọ tó wà nínú àpò mi, mo jókòó, mo ń jẹ ṣúgà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ká àgọ́, mo lọ wọ ọkọ̀ ojúirin ní Bridge of Orchy, mo padà sí Glasgow. Ó ṣì ku ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà lọ."

Ìyá àgbà kígbe, "Yéè! Àbíkú ò ní jẹ́ orúkọ ẹ!" Ó sì ń wo àgọ́ náà bí ẹni ń wo ejò.

Ta ló jí sẹ̀ntímítà 30?

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, nígbà tí àgọ́ náà fi 20 gùn jù yín lọ, báwo lẹsẹ̀ yín ṣe kan ògiri? Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó yà á sílẹ̀ fún mi.

Ó ní àgọ́ kì í ṣe yàrá. Ògiri yàrá dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ti àgọ́ ń dagun wọlé bí òrùlé. Ilẹ̀ ni wọ́n ti wọn 213 yẹn. Bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í sùn sórí ilẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí wà lábẹ́ ẹ̀, tiẹ̀ sì nípọn ní sẹ̀ntímítà 8. Ìrọ̀rí tún wà. Ká ní orí àti ẹsẹ̀ wá fi 15 ga ju ilẹ̀ lọ. Bí ògiri bá ń wọlé ní 1 fún 1 tó fi ń gòkè, ó ti jẹ 15 lápá orí, ó ti jẹ 15 lápá ẹsẹ̀. Ẹ yọ 30 kúrò nínú 213, ó ku 183.

"Èmi sì rèé, 193. Ta ló máa jẹ gbèsè 10? Ẹsẹ̀ mi ni!"

Omi ńkọ́, ṣe bí kò sí ihò lára àgọ́? Ẹ rántí gíláàsì omi tútù lórí tábìlì, bó ṣe ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgọ́ ṣe ń làágùn lóru. Èémí wa gbóná, ó lómi nínú. Tó bá ti kan aṣọ àgọ́ tó tutù, ó di omi. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá kan ògiri, kò sí wàhálà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ń kàn án, òun ló ń fi àpò ìsùn ẹ̀ nu omi náà mọ́jú.

Ohun tí ẹni gíga gbọ́dọ̀ wò

Ẹ̀gbọ́n mi ti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àgọ́ báyìí. Ohun tó là sílẹ̀ fún mi nìyí.

Ẹ wọn ara yín ní ìdùbúlẹ̀, ẹ má wọn ti ìdúró. Ẹ wọ inú àpò ìsùn, ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ na ẹsẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń nà án. Kí ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí àti ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ga ní 193, nígbà tó dùbúlẹ̀ báyìí, 208 ló bá a. Ẹ tún fi àyè ìbú ọwọ́ kan kún un lókè àti nísàlẹ̀.

Ẹ wo ògiri orí àti ògiri ẹsẹ̀. Àwọn àgọ́ kan ní ọ̀pá kéékèèké tó gbé ìpẹ̀kun méjèèjì sókè, ògiri wọn á dúró dáadáa. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà láàárín, tí aṣọ ẹ̀ ń dagun lọ sílẹ̀ lápá méjèèjì, iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀ lè gùn kó má gba ẹsẹ̀ yín.

Ẹ jókòó. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà, kí wọ́n wọ̀n yín láti ilẹ̀ dé àtàrí. Bí àgọ́ ò bá ga tó yẹn, ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ lẹ ó fi máa jẹun, lẹ ó fi máa wọ ṣòkòtò nígbà òjò.

Ẹ má rò pé àgọ́ ẹlẹ́ni-méjì gbọ́dọ̀ gùn ju tẹlẹ́nìkan lọ. Púpọ̀ nínú wọn, ìbú nìkan ni wọ́n fi kún un. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè sùn ní ìdábùú, láti igun kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ ó rù ú o.

Ní ti ìwúwo, àwọn àgọ́ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń tilẹ̀ rìn náà lẹ ó fi gbé wọn ró, ẹ ò ní ru ọ̀pá mìíràn. Ní ti aṣọ, náílọ́nù máa ń fà tí òjò bá pa á, á wá rọ̀ sílẹ̀ sórí ẹni tó sùn. Pọlẹ́sítà kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Dyneema fúyẹ́ jù, kì í mumi, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ lágbára. Òun ni ilé iṣẹ́ Zpacks ní Florida, l'Amẹ́ríkà, fi ṣe àgọ́ Altaplex tí wọ́n ro tàwọn ẹni gíga mọ́. Àwọn Hilleberg tilẹ̀ Sweden ní tiwọn ń ṣe Akto ẹlẹ́nìkan. Sẹ̀ntímítà 220 ni gígùn ẹ̀, ó lè gba ìjì, ṣùgbọ́n ó lé ní kílò kan àti ààbọ̀. Kò séyìí tó pé. Ẹni tó ń rù ú ló mọ èyí tí èjìká òun gbà.

Fún ẹni tó fẹ́ lò ó nílé níbí, ẹ wá èyí tí inú ẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tí ìbòrí òjò sì dá dúró. Ooru tiwa ò jọ tiwọn. Ẹ sì rí i pé ilẹ̀ ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ tó dì mọ́ ọn, nítorí àkeekèé.

Ìdajì píọ́wọtà ò pé

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi padà sí Bridge of Orchy pẹ̀lú àgọ́ tuntun. Gígùn ẹ̀ jẹ́ 230, ìpẹ̀kun ẹ̀ méjèèjì ga. Ó gba aṣálẹ̀ Rannoch Moor kọjá, ó gun òkè tí wọ́n ń pè ní Devil's Staircase, ó gba Kinlochleven, ó wọ Fort William. Òjò rọ̀ bó ṣe rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní àpò ìsùn òun gbẹ fúrúfúrú.

Mo bi í pé báwo ni àgọ́ tuntun yìí ṣe wúwo ju tàtijọ́ lọ tó.

"Gíráàmù 200. Kò tó ìdajì píọ́wọtà kan. Nítorí ìwọ̀nba yẹn ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òtútù lọ."

Ìyá àgbà mi orí, ó ní, "Ṣe bí àwọn àgbà ti sọ ọ́: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí ni kì í gbọ́."

Àgọ́ kékeré yẹn ńkọ́? Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá fún. Ṣùgbọ́n èmi náà ga ní fíìtì 6 àti ínṣì 3, ẹ sì ti rí bó ṣe ṣe mí. Àbúrò wa obìnrin tí ò ju fíìtì 5 lọ ló wọ inú ẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó tún yíra padà lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló ni ín báyìí, ó sì ti ń múra Ìdànrè. Àgọ́ náà ò burú, ẹni tó yẹ kó sùn sínú ẹ̀ ni ò tètè rí i.

Ẹ̀yin agùntáṣọọ́lò ẹgbẹ́ mi, bẹ́ẹ̀dì, mọ́tò, ilẹ̀kùn, èwo ló ti fojú yín rí màbo rí? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ojú ìwé lẹ́tà ń dúró dè yín.