Yíyá Owó Kàwé àti Jíjẹ Gbèsè: Kí Ni Kí A Kà?

Ní Kétu, ní ẹkùn Plateau ilẹ̀ Benin, gbólóhùn méjì ni mo fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: "Mo yá owó" àti "Mo jẹ gbèsè." Ti àkọ́kọ́ ń sọ ọjọ́ kan ṣoṣo tí owó wọlé, ìkejì kò tán títí a ó fi san án tán. Ìkejì ni kí ẹni tí ó fẹ́ gboyè nínú ìgbèjà ará ìlú fi ṣe ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a wo Nàìjíríà tí ó bá wa pààlà. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti 2024 kò bu èlé lé owó náà. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá 10 nínú 100 owó oṣù. Ká ní gbèsè jẹ́ 600,000 náírà. Ẹni tí ń gba 70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024, yóò máa san 7,000 fún nǹkan bí oṣù 86. Ẹni tí ń gba 210,000 yóò parí ní oṣù 29.

Owó iṣẹ́ ìgbèjà ará ìlú kì í sábà pọ̀, iṣẹ́ náà sì lè dáwọ́ dúró bí owó àwọn olùrànlọ́wọ́ bá tán. Nítorí náà, mo ní kí a ka oṣù kí a tó yá owó. Ìdá mẹ́wàá nìkan kò sọ bí gbèsè yóò ti pẹ́ tó.