Ààlà Tí Ó Wà Nínú Wíwá Wi-Fi Kiri
Wardriving ni kí ènìyàn máa wa ọkọ̀ kiri ìgboro, kí ẹ̀rọ rẹ̀ sì máa ṣàkọsílẹ̀ Wi-Fi tí ó bá pàdé. Wi-Fi a máa kéde ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ọdún 2001 ni àwọn tí ó fi í ṣe ìgbafẹ́ ti ń kó àkọsílẹ̀ wọn jọ sí WiGLE. Ní tèmi, ẹni tí ó ka orúkọ lára ilé kò ṣẹ onílé. Ẹni tí ó yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé ni ó ṣẹ̀. Ní ọdún 2010, Google jẹ́wọ́ pé àwọn ọkọ̀ tí ń ya àwòrán òpópónà fún un ti gba lára ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lórí Wi-Fi tí kò ní ààbò. Ààlà náà nìyẹn.