Ṣé O Mọ̀ Pé Flag Lè Dá Ìjà Sílẹ̀ Láàárín Áàpù àti Library?

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí wọ́n sì pète pé kó dé Okokomaiko, kò lè gun irin àtijọ́ tó wọ Ìddó? Mìlímítà 1,435 ni àlàfo irin tiẹ̀; ti àtijọ́ jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ ò bàjẹ́, irin ò bàjẹ́, wọn ò kàn bára mu ni. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ṣé o mọ̀ pé ekukáká la fi lè rí ẹni tó dá kọ gbogbo áàpù rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Iba máa ń yá kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ, tí wọ́n ń pè ní library. Kọ̀mpáílà ló ń sọ kóòdù méjèèjì di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Flag ni àṣẹ tí kálukú sọ sí i létí: ṣe é báyìí, má ṣe é báyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé flag kan ṣoṣo lè ṣí ẹrù nípò? Mú lẹ́tà kan tó gba báìtì 1 àti nọ́ńbà kan tó gba báìtì 4, kó wọn sínú struct kan, ìyẹn àpótí tó ń kó dátà pọ̀. Báìtì 8 ni yóò jẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, torí kọ̀mpáílà á fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ lófo kí nọ́ńbà lè jókòó dáadáa. Sọ flag -fpack-struct sí kọ̀mpáílà GCC létí, ó di 5. Library tó gba flag náà gbé nọ́ńbà sí àyè kejì, áàpù tí kò gbà á wá a lọ sí àyè karùn-ún: báìtì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà náà ló bá, pẹ̀lú pàǹtírí mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé linker, tó ń so áàpù àti library pọ̀, kì í sábà rí ìjà yìí? Orúkọ ló ń wò, kì í wọn nǹkan. Ìdí nìyí tí GCC 5, lọ́dún 2015, fi fún std::string, irú dátà tí C++ ń kó ọ̀rọ̀ sí, lórúkọ tuntun nígbà tó yí ìrísí rẹ̀ padà. Àṣìṣe “Undefined reference” tí linker ń kígbe nígbà tí orúkọ ò bára mu, tó ń bí ọ nínú yẹn, àánú ni wọ́n ṣe ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé -O2 àti -O3, àwọn flag tó ń mú kóòdù yá, lè gbélé pọ̀ láìjà? Kì í ṣe gbogbo flag ló burú.

Àmọ́ -ffast-math! Áàpù á kàn pe library tí wọ́n fi kọ́, ìṣirò áàpù fúnra rẹ̀ á yí padà: nọ́ńbà tíńtínní tó sún mọ́ òdo á di òdo. GCC 13, lọ́dún 2023, ló tó jáwọ́ nínú ìyẹn.

Nítorí náà, ìwọ tó o gba library tí wọ́n ti sè tán nítorí dátà àti iná, béèrè flag tí wọ́n fi sè é. Bí o kò bá rí i, sè é fúnra rẹ lálẹ́ ọjọ́ tí NEPA bá mú iná wá.