Àwòṣe gbígbó inú ilé

Àwòṣe gbígbó inú ilé ni ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń sọ tẹ́lẹ̀ bí ilẹ̀, ògiri, àjà, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn inú ilé yóò ṣe máa gbó bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn alábòójútó ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ń lò ó láti mọ ohun tó yẹ ní títúnṣe, ìgbà tó yẹ kí a tún un ṣe àti iye owó tí a ó yà sọ́tọ̀ fún un.

Ohun tó ń fa gbígbó

Gbogbo ibi inú ilé kì í gbó bákan náà. Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà máa ń tètè jẹ ju ti igun yàrá lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, iyanrìn abẹ́ bàtà sì ń ha á. Ní ọdún 1953, J. F. Archard ṣàlàyé pé jíjẹ ohun tí nǹkan mìíràn ń yí lára máa ń pọ̀ sí i bí agbára tó tẹ̀ ẹ́ àti ọ̀nà tí yíyí náà gùn tó bá ṣe pọ̀ sí, ó sì máa ń dínkù bí ohun náà bá ṣe le tó. Ọ̀rinrin náà máa ń bó ọ̀dà, ó sì máa ń mú kí ilẹ̀kùn onípákó wú.

Ìṣirò iye ọdún ìlò

Ìwé ìlànà ISO 15686-1, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2000, mú iye ọdún tí a gbà pé ohun kan máa ń lò, ó sì fi nọ́ńbà méje sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn nọ́ńbà náà dúró fún ìjójúlówó ohun èlò, àwòrán ilé, iṣẹ́ ọwọ́, ipò inú ilé, ipò ìta, bí a ṣe ń lò ó àti ìtọ́jú. Bí àpẹẹrẹ, bí ọ̀dà bá yẹ kó lo ọdún 10, tí nọ́ńbà ìlò jẹ́ 0.8, tí ti ìtọ́jú jẹ́ 0.9, tí àwọn yòókù sì jẹ́ 1, yóò lo ọdún 7.2.

Àwòṣe Markov

Ọ̀nà yìí dá lórí iṣẹ́ Andrey Markov (1856–1922), onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́síà. A kọ́kọ́ ń pín ipò ohun kọ̀ọ̀kan sí ipele. Ìlànà NEN 2767 ti orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ní ipele 6: 1 ló dára jù, 6 ló burú jù. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣírò ìṣeéṣe kí ohun náà bọ́ sí ipele tó tẹ̀ lé e. Bí yàrá 100 bá wà ní ipele 1, tí ìṣeéṣe àtibọ́ sí ipele 2 lọ́dún bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100, a ó retí pé 80 ni yóò kù ní ipele 1 lẹ́yìn ọdún kan, 64 lẹ́yìn ọdún méjì, àti nǹkan bí 51 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ààlà

Àwòṣe yìí lè sọ iye yàrá tí yóò nílò ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò lè sọ yàrá tí yóò jẹ́. Àyẹ̀wò ojú ló ń fi èyí hàn. Bí wọ́n bá tún yàrá kan kùn láìkọ ọ́ sílẹ̀, ìṣirò yóò rò pé ọ̀dà àkọ́kọ́ ṣì ń dúró pẹ́, owó tí a yà sọ́tọ̀ kò sì ní tó. Páìpù tó ń jò kì í dúró de ètò ọdún: ó lè ba àjà tó wà ní ipele 1 jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tí ètò ìtọ́jú tó péye fi máa ń fi owó pàjáwìrì kún owó tí àwòṣe bá fi lélẹ̀.